Ìgbà wo ló yẹ kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ háíbírídì tuntun? Ìfiwéra fún àwọn awakọ̀ Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó ló ti ń fi ojú mìíràn wo ọkọ̀ háíbírídì, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì elépo àti mọ́tò oníná jọ ń gbé rìn, nítorí pé epo tó ń jẹ kéré. Ẹni tó bá ra tuntun lára wọn kì í pẹ́ kó tó gbọ́ ìmọ̀ràn tó ta ko ara wọn lórí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì àdúgbò yóò ní kí ó padà wá ní 3,000 kìlómítà gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń sọ fún gbogbo ọkọ̀; ìwé tó bá ọkọ̀ wá lè pe 16,000; ọ̀rẹ́ tó ti ní irú rẹ̀ yóò ní kí ó máa lò ó títí iná yóò fi tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Gbogbo wọn ló ní ìdí tiwọn, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lo ọkọ̀ níhìn-ín kò bá gbogbo rẹ̀ mu. Èrò tèmi, tí n ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ni pé fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń gbé Àkúrẹ́, 8,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni ó tọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a fi díwọ̀n

Ohun àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe gan-an. Nínú ọkọ̀ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, ẹ́ńjìnnì ń yí, nítorí náà iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ṣe. Ti háíbírídì yàtọ̀. Ọkọ̀ lè gbéra láti Alágbàkà kí ó sì dé Ọjà Ọba, kí ó jẹ́ pé bátìrì ló gbé e fún apá púpọ̀ nínú ìrìn náà, tí ẹ́ńjìnnì kàn ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó tún kú. Àwọn kan dúró lórí èyí, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kò ti ṣiṣẹ́ púpọ̀, ọ́ìlì rẹ̀ yóò pẹ́ ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n apá kan ni wọ́n rí.

Nígbà tí epo bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, omi wà lára ohun tí jíjó náà ń mú jáde. Díẹ̀ nínú omi yìí, pẹ̀lú epo tí kò jó tán, máa ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá lọ sínú ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa fún àkókò tó gùn, ooru yóò lé wọn jáde. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò dúró síbẹ̀, wọn yóò sì máa ba agbára ọ́ìlì jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kí ó ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ó sì wo inú ìdérí náà: bí ohun funfun kan tó ki bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi ti ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì nìyẹn. (Bí omi inú rédíétọ̀ bá tún ń dín kù pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ́ìlì, kí ó tètè gbé ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò.) Ooru ìlú wa ń ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ́ńjìnnì kì í tutù tó bí ó ti máa ń tutù ní ilẹ̀ Yúróòpù, síbẹ̀ ìrìn kúkúrú ṣì jẹ́ ìrìn kúkúrú.

Ìhà kejì rẹ̀ tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò. Nínú ooru oṣù kejì àti ìkẹta, ọ̀pọ̀ wa ló máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tó dúró sójú kan pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù, yálà a ń dúró de àwọn ọmọ níwájú ilé ẹ̀kọ́ ni tàbí a wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ọba Adésídà. Iná bátìrì ni ẹ̀rọ amúlétutù háíbírídì ń lò. Bí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò ṣiṣẹ́ láti tún un kún, yóò kú, yóò sì tún ṣiṣẹ́. Fún gbogbo wákàtí yẹn ọkọ̀ kò rin kìlómítà kan, ọ́ìlì sì ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà òǹkà kìlómítà lè bu iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kún, ó sì lè bù ú kù, gẹ́gẹ́ bí olúwa rẹ̀ bá ṣe ń lo ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun kejì ni eruku. Nígbà ọyẹ́, àti ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lórí àwọn títì tí a kò da ọ̀dà sí, eruku pupa ń kó sínú fílítà afẹ́fẹ́. Èyí tó bá rí àyè kọjá lára rẹ̀ di ohun tó ń ha irin inú ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ni yóò sì gbé e káàkiri. Ẹ̀kẹta ni owó tí yóò bá a lọ láàárín ọdún kan. Ẹ̀kẹrin ni bóyá a lè rí ọ́ìlì tó yẹ ọkọ̀ náà rà nítòsí, èyí tí n ó padà sí nísàlẹ̀. Ìkarùn-ún kan ẹni tó ra ọkọ̀ rẹ̀ ní tuntun lọ́dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ nìkan: àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un dúró lórí pé ó pààrọ̀ ọ́ìlì ní àsìkò tí ìwé sọ, ó kéré tán, àti pé ó ní rìsíìtì tó fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: kí a dà á nù ní 1,000 sí 1,500 kìlómítà àkọ́kọ́

Àṣà yìí ti wà láti ayé ọkọ̀ àtijọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì tuntun bá ń bá ara rẹ̀ mọ́, àwọn irin inú rẹ̀ máa ń fá ara wọn díẹ̀, ìyẹ̀fun irin tó bá jáde yóò sì wà nínú ọ́ìlì. Lóde òní, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin wọ̀nyí ti péye ju ti ìgbà náà lọ, fílítà ọ́ìlì sì ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìyẹ̀fun náà. Ìwé Toyota ní kí a rọra wa ọkọ̀ tuntun, kí a má ṣe máa tẹ bíréèkì lójijì ní 300 kìlómítà àkọ́kọ́, kí a má sì sá eré àsápajúdé kí ó tó pé 1,000 kìlómítà. Kò ní kí a da ọ́ìlì nù lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ̀ràn Honda ní tirẹ̀ ni pé kí a fi ọ́ìlì tó bá ọkọ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ títí àsìkò rẹ̀ yóò fi pé.

Ẹ tún rántí pé ní háíbírídì, 1,000 kìlómítà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò rìn tó bẹ́ẹ̀ rárá. Owó tí ọ̀nà yìí ń gbà jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ewu kò sì sí nínú rẹ̀ bí ọ́ìlì tí a dà padà bá jẹ́ irú èyí tí ìwé pè. Mi ò ní dá ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ àyàfi tó bá ṣe é lẹ́kun, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé dandan ni.

Ọ̀nà kejì: 5,000 kìlómítà, tàbí 3,000 tí mẹkáníìkì ń pè

3,000 tí wọ́n ń pè ní gáréèjì wá láti ìgbà tí ọ́ìlì tó wọ́pọ̀ jẹ́ èyí tí a fọ̀ láti inú epo rọ̀bì lásán, tó sì ki. Ọ́ìlì háíbírídì òde òní jẹ́ sínńtẹ́tíìkì pátápátá, ó sì fara da ooru fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá ń dà á nù ní 3,000 ń da ọ́ìlì tó ṣì dára nù. Mo ti rí i níbi tí mẹkáníìkì ti fa géèjì yọ, tó fi ìka méjì ra ọ́ìlì náà, tó sì ní ó ti kú nítorí pé ó dúdú. Àwọ̀ dúdú kò fi ìyẹn hàn: iṣẹ́ ọ́ìlì ni láti máa fọ èérí inú ẹ́ńjìnnì kúrò kí ó sì gbé e dání, nítorí náà èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ yóò dúdú.

Ohun tó yẹ kí a wò lára géèjì yàtọ̀ sí àwọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí i, nítorí háíbírídì tí a kò pa lè ṣítáàtì fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀. Ẹ dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í wọlé dé òpin, ẹ tún fà á yọ. Bí ọ́ìlì bá wà láàárín àmì méjèèjì, ó dára. Bí ó bá gun àmì òkè kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da nǹkan kún un, tí òórùn bẹntiróòlù sì ń jáde lára rẹ̀, epo ti dà pọ̀ mọ́ ọn, kò sì sí ìdí láti dúró de kìlómítà kankan mọ́.

5,000 kìlómítà ní ìdí tó lágbára ju 3,000 lọ. Ó yẹ fún ọkọ̀ tó ń wọ oko kòkó ní ìhà Ìdànrè, tàbí tó ń gba títì eléruku lójoojúmọ́, àti fún ọkọ̀ tó ń fi gbogbo ọjọ́ gbé èrò láàárín ìgboro, tó ń dúró tó sì ń gbéra. Àléébù rẹ̀ ni owó. Bí a bá mú ọkọ̀ tó ń rin 20,000 kìlómítà lọ́dún, yóò pààrọ̀ ọ́ìlì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní 3,000, yóò tó ìgbà mẹ́fà sí méje. Ní 8,000, ìgbà méjì sí mẹ́ta. Ní 16,000, ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Camry háíbírídì onílítà 2.5 tó jáde láti ọdún 2018 ń gba bíi lítà 4.5 pẹ̀lú fílítà, ti Prius onílítà 1.8 sì ń gba 4.2, tó túmọ̀ sí pé kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́rin kò tó èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ ó fi lítà kan kún un, tàbí kí ẹ ra onílítà márùn-ún. Ẹ béèrè iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ fi iye fílítà kún un, kí ẹ sì kà á ní iye ìgbà tí mo kọ sókè yìí, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà kẹta: 8,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà

Inú ìwé ilé iṣẹ́ gan-an ni iye yìí ti wá. Nínú ètò tí Toyota ṣe fún ọkọ̀ tí wọ́n tà sí Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tó ń lo ọ́ìlì 0W-20 (àmì ara kẹ́ẹ̀gì tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) lè dé 10,000 máìlì tàbí ọdún kan, ṣùgbọ́n bí ó bá ń rìn lójú ọ̀nà eléruku tàbí ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí, 5,000 máìlì tàbí oṣù mẹ́fà ni, ìyẹn bíi 8,000 kìlómítà. Àwọn ènìyàn máa ń ka apá àkọ́kọ́, wọ́n á sì gbójú fo ìkejì, bẹ́ẹ̀ apá kejì yẹn ni ó ṣàpèjúwe ìgbésí ayé ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹni tó ń gbé Ìjàpọ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ ní FUTA lè rin 8,000 kìlómítà péré lọ́dún, kí ó sì jẹ́ pé ọ̀nà kúkúrú ni gbogbo rẹ̀, tó fi mọ́ ọ̀nà eléruku tó wọ àdúgbò rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, oṣù ni yóò máa kọ́kọ́ pé, ìgbà méjì ni yóò sì pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dún.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí ni pé ó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì kúrò lọ́wọ́ àwọn ewu méjèèjì tí mo sọ, ti ìrìn kúkúrú àti ti eruku, láìsí pé a ń da ọ́ìlì tó dára nù. Aṣojú tó ta ọkọ̀ náà kò sì lè sọ pé a kọjá àsìkò, àyàfi bí ìwé tiwọn bá pe iye tó kéré sí i. Bí ó bá pè é, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé títí àdéhùn yóò fi parí.

Ọ̀nà kẹrin: 15,000 sí 16,000 kìlómítà tàbí ọdún kan

Ní Yúróòpù, 15,000 kìlómítà tàbí ọdún kan ni Toyota ń pè fún háíbírídì. Iye yìí dúró lórí títì tó dán, fílítà tó jẹ́ ojúlówó, ọ́ìlì tó jẹ́ irú èyí tí ìwé pè gan-an, àti ìrìn tó gùn tó láti mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó gba Oǹdó àti Orè, bíi 300 kìlómítà ní àlọ nìkan, sún mọ́ irú ìlò yìí jù lọ nínú wa, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbóná fún wákàtí pípẹ́ tí kò sí omi tó lè dúró nínú ọ́ìlì. Bí ó bá ń lọ tó sì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 1,200 kìlómítà nìyẹn. 5,000 yóò pé fún un láàárín oṣù kan ó lé díẹ̀, 16,000 sì máa gbà á ju oṣù mẹ́ta lọ. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ èmi, n kì í jẹ́ kí ó kọjá 10,000, nítorí ojú títì náà kò dán dé ibi tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé, àti pé ọ́ìlì ayédèrú pọ̀ lọ́jà.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀, nítorí kò sí iye kìlómítà tó nítumọ̀ bí ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì kò bá jẹ́ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. 0W-20 tàbí 0W-16 ni ọ̀pọ̀ háíbírídì tuntun ń lò, ọ́ìlì tó ṣàn dáadáa. Ẹ́ńjìnnì háíbírídì ń kú, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìrìn kan; mọ́tò oníná ni ó ń kọ́kọ́ yí i kí epo tó wọlé, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọrùn ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ, ṣùgbọ́n ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tètè dé gbogbo ibi ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. 20W-50 tí wọ́n ń dà sí gbogbo ọkọ̀ ní gáréèjì ki jù fún iṣẹ́ yìí, àlàyé pé ooru ilẹ̀ wa ń fẹ́ ọ́ìlì tó ki kò sì kan àwọn ẹ́ńjìnnì tí àlàfo inú wọn kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ń lo 0W-16 tí ẹ kò sì rí i rà, ìwé Toyota gbà kí ẹ fi 0W-20 dí i, kí ẹ sì padà sí 0W-16 nígbà tí ẹ bá tún pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ rà á níbi tí wọn yóò ti fún yín ní rìsíìtì, ẹ wo bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan ìdè ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì gún kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà lu kí ó má ba à di ohun tí ẹlòmíràn yóò rọ ayédèrú sí.

Ọ̀nà karùn-ún: kí a tẹ̀ lé dáṣíbọ́ọ̀dù

Kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ. Iná ìtọ́jú tó wà lórí ọ̀pọ̀ Toyota ń ka ìrìn nìkan. Kò mọ̀ bóyá eruku Ìdànrè ni ọkọ̀ gbà tàbí ọ̀dà. Ti Honda jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń ṣírò bí ẹ́ńjìnnì ṣe ṣiṣẹ́ àti bí ó ṣe gbóná tó, ó sì ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún agbára tó kù lára ọ́ìlì hàn, láti 100 wá sísàlẹ̀, tí ìkìlọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti 15. Fún háíbírídì, irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ dára ju kìlómítà lásán lọ, nítorí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ó ń wò. Àmọ́ òun náà kò tọ́ ọ́ìlì wò. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú ni a dà sínú ẹ́ńjìnnì, ìṣírò kan náà ni yóò ṣe. Bí mẹkáníìkì bá sì pààrọ̀ ọ́ìlì láìdá òǹkà padà sí 100, nọ́ńbà tí ẹ ń wò láti ọjọ́ yẹn kò wúlò mọ́. Kí ẹ tó kúrò ní gáréèjì ni kí ẹ wò ó.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, oníṣòwò àti ẹnikẹ́ni tí ìrìn rẹ̀ kò kọjá ìgboro Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó àti ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan sí Ọ̀wọ̀ tàbí Adó-Èkìtì, kí ó mú 8,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà. Bí Honda bá ni ọkọ̀ rẹ̀, kí ó tẹ̀ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ kí ó ju oṣù mẹ́fà lọ bí títì àdúgbò rẹ̀ bá jẹ́ eléruku. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò kòkó tó ń wọ oko, àti ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò nínú ìgboro, 5,000 ni tiwọn, kí wọ́n sì máa yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí òpópónà ọ̀nà jíjìn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lè dé 10,000 bí ọ́ìlì rẹ̀ bá dá a lójú.

Àwọn tí ọkọ̀ wọn jẹ́ tuntun sí wọn ṣùgbọ́n tó jẹ́ tòkunbọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ti dé ọwọ́ wọn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n sì wò ó bóyá máìlì ni ọkọ̀ náà ń kà, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá. Lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dúró títí òǹkà yóò fi gbé 8,000 kún un ti rìn bíi 12,900 kìlómítà. 5,000 lójú rẹ̀ ni 8,000 tiwa.

Fún ìwọ̀nba àwọn tó ní háíbírídì tí a ń ki wáyà iná sí nílé, ẹ́ńjìnnì wọn lè má ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bí NEPA bá ṣe déédéé. Kìlómítà kò ní ìtumọ̀ fún wọn rárá. Afẹ́fẹ́ àti omi inú rẹ̀ ṣì ń ba ọ́ìlì tó jókòó jẹ́, nítorí náà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí mẹkáníìkì mìíràn yóò ti rí i.